Ìrora Inú Díákónì Ọlálérè

Inú Díákónì Ọlálérè Bánkọ́lé jóná. Ohun tí dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò kọ sílẹ̀ nìyẹn, tàbí ká kúkú sọ pé ohun tí àwọn èèyàn ní ó kọ nìyẹn: pé ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlúkù rẹ̀ ti dúdú, ó ti jẹra, bí ẹni pé wọ́n da ásíìdì sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Yorùbá kan ní Johannesburg tí kò tíì gbọ́. Kí ló ń jó inú èèyàn? Májèlé. Ta ló ń se oúnjẹ fún un? Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Zulu tó fẹ́ ní Soweto. Ó bùṣe. Àwọn tí kò dé ilé wọn rí gan-an ti ń ṣàpèjúwe ìkòkò tí wọ́n fi se májèlé náà.

Lójú Tawakalit Adéoyè nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì bùṣe. Àǹtí Tàwa ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ aládàáni ni, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Braamfontein. Ó ti dàgbà, orúnkún ń dà á láàmú, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó tún ní ìwà kan tí kò jẹ́ kí wọ́n máa pè é síbi àpèjẹ: bí gbogbo ayé bá ti fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìyàwó olóògbé fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nomathemba lorúkọ rẹ̀, Thembi ni wọ́n ń pè é, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ó jókòó ṣánṣán lórí àga, ojú rẹ̀ gbẹ. Èyí náà wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án: wọ́n ní kò sunkún.

"Ọjọ́ tí Ọlálérè kú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá mú ọmọ mi lọ," ni Thembi wí. Òyìnbó ni òun àti Tàwa jọ ń sọ. "Ó ní òun ò lè fi Olúwafikáyọ̀mi sílẹ̀ fún ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n ń wọkọ̀ òfurufú lọ sí Nàìjíríà. Ọlọ́pàá sì ti gba ìwé ìrìnnà mi. Mama Tàwa, tí ọmọ yẹn bá fi lè lọ, mi ò ní rí i mọ́."

"Ṣé ìwọ lo pa ọkọ rẹ?"

"Rárá."

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ wo ibi tó ń sùn."

* * *

Thembi kò mú un lọ sí yàrá. Ní pálọ̀ ilé wọn ní Soweto, ó nawọ́ sí tábìlì ìjẹun. Àga kan wà nídìí rẹ̀, ìrọ̀rí ńlá méjì tò lé ara wọn lórí tábìlì níwájú àga náà.

"Ibẹ̀ ló ń sùn," ló wí.

Tàwa wo ìrọ̀rí, ó wo àga. "Fi hàn mí."

Thembi jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó gbá àwọn ìrọ̀rí náà mọ́ àyà, ó sì dorí kodò lé wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbórí. "Báyìí. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á ké bí ọmọdé. Tó bá tẹ̀ báyìí, ó máa ń rọrùn fún un díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, á kúnlẹ̀, á dojú dé bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Wọ́n ní ó ti di jagunjagun àdúrà. Mo mọ̀ pé ìrora ni, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ní kí n má sọ."

"Ibo ló ti ń dùn ún?"

Thembi fi ọwọ́ kan òkè ikùn rẹ̀, lábẹ́ igbá àyà. "Ibí yìí. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ti irin gba ibẹ̀ wọlé, tó ń yọ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn gan-an ló kọ́kọ́ ń sọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ti inú wá dé lẹ́yìn náà."

"Ìgbà wo ló ń dé?"

"Tó bá jẹun tán. Pàápàá tí ọ̀rá bá wà nínú oúnjẹ náà. Tó bá gbààwẹ̀, ara rẹ̀ á yá, á máa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni wọ́n fi mú mi, Mama. Sisi Bùkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ẹni tó bá jẹ oúnjẹ mi tó ń kú lọ, tó bá fi oúnjẹ mi sílẹ̀ tó ń jí, ẹjọ́ kí ni a tún fẹ́ dá? Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo se ṣàkì fún un. Ó jẹ ẹ́ tán ni ó wó lulẹ̀. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, ó ní rárá, ẹ̀gbọ́n òun lòun fẹ́ rí. Ó wakọ̀ lọ sí Alexandra bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa pè mí, ó ti wà ní ọsibítù, kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́."

Tàwa wo yíká pálọ̀. "Ọlọ́pàá kó nǹkan níbí?"

"Ìgò ewé umhlonyane tí ìyá mi fún wa, tá a fi ń wo òtútù. Sisi Bùkún ló tọ́ka sí i fún wọn. Ó ní muthi ni, òògùn ìkà àwọn Zulu."

"Ọkọ rẹ ń mutí?"

"Díákónì ni ọkọ mi."

"Mi ò béèrè ipò tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Thembi wolẹ̀. "Ó sọ fún mi pé òun kì í mutí."

Tàwa gbọ́ ọ dáadáa. Obìnrin náà kò sọ pé ọkọ òun kì í mutí. Ó ní ó sọ fún òun ni. Àmọ́ ó fi í sílẹ̀ ná, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ń di nǹkan mọ́nú tipátipá, bí a bá fà á, ńṣe ni yóò tún dì í le sí i.

* * *

Dókítà Adéṣọlá, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ka ìwé àyẹ̀wò òkú náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e lélẹ̀.

"Kò sí ẹni tó da ásíìdì sí i, Àǹtí Tàwa. Ara rẹ̀ ló jẹ ara rẹ̀."

"Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tí kò lọ síléèwé."

"Ẹ̀yà ara kan wà tó ń jẹ́ páńkíríásì. Ẹ̀yìn àpòlúkù ló fara pamọ́ sí, ó súnmọ́ egungun ẹ̀yìn. Òun ló ń pèsè omi tó ń yọ́ oúnjẹ. Omi náà lágbára gan-an, ẹran ló ń sọ di omi lásán. Ọlọ́run wá ṣe é kí agbára yẹn sùn títí tó fi máa dé ìfun. Tí nǹkan bá ba páńkíríásì jẹ́, agbára náà á jí síbi tí kò yẹ kó jí sí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé tó bí i."

Tàwa rò ó. "Ìdí rèé tó fi ń dùn ún dé ẹ̀yìn?"

"Àwọn iṣan tó ń gbé ìrora wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, àwọn ohun inú á tẹ ibi tó wú. Tó bá tẹ̀ síwájú, á fúyẹ́ díẹ̀. Mo ti rí àwọn ọkùnrin gìrìpá tó lọ́ mọ́ ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ inú oyún. Nínú gbogbo ìrora tí mo mọ̀, mi ò fẹ́ kí ọ̀tá mi ní ti èyí."

"Ààwẹ̀ wá ńkọ́?"

"Oúnjẹ ló ń pe omi náà jáde. Tí kò bá sí oúnjẹ, páńkíríásì á sinmi, ìrora á dín kù."

"Tó bá wá jẹ́ pé oúnjẹ ẹlòmíì ló jẹ?"

"Bó jẹ́ oúnjẹ ìyá tó bí i, tí ọ̀rá bá ti wà níbẹ̀, yóò ké."

Ohun tí gbogbo ìjọ fi ń dá Thembi lẹ́bi tú palẹ̀ báyìí. Kì í ṣe ọwọ́ tó se oúnjẹ ló ń dá ọkùnrin náà lóró, oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni. Inú Tàwa ì bá dùn, àmọ́ dókítà kò tíì parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ jókòó ná. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fa àìsàn yìí. Òkúta inú òróòro ni èkíní. Wọ́n wò ó, kò sí. Èkejì ni ọtí, kì í sì í ṣe ọtí ìtọ́wò o. Ara páńkíríásì rẹ̀ ti le gbagidi, bíi ti ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ láti ọdún gbọọrọ."

"Wọ́n ní ọkùnrin yìí kì í mutí."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ fún wọn ní ọsibítù, kó tó dákú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó ṣí òkú fi sọ pé òun ò mọ ohun tó fà á, kí ọlọ́pàá wá májèlé wò." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi wá ọtí yẹn, Àǹtí. Tí ẹ ò bá rí i, wọ́n á ní májèlé díẹ̀díẹ̀ ni obìnrin náà ń fún un láti ọdún mélòó kan wá."

* * *

Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni Bùkúnọlá, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ní ní Alexandra. Àwọn takisí ń fọn fèrè níta, àwọn èèyàn ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Bùkúnọlá jókòó sáàárín àwọn àga òfìfo nínú aṣọ dúdú, ó ti rù, ojú rẹ̀ wú. Ọmọbìnrin náà, Olúwafikáyọ̀mi, wà ní kọ̀rọ̀ kan tó ń ya àwòrán.

"Fikáyọ̀mi, kí ìyá."

"Hello, Aunty," ni ọmọ náà wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó padà sídìí àwòrán rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ ń bá a ṣiṣẹ́," ni Bùkúnọlá wí. "Ẹ ò ṣe é re, Àǹtí Tàwa. Ọmọ ilé wa ni yín."

"Òótọ́ ni mò ń bá ṣiṣẹ́, Bùkúnọlá. Bá mi sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ."

Bí wọ́n ṣe mẹ́nu bà á ni omijé bọ́ lójú obìnrin náà. "Kò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí iléèwé, tíṣà lé mi jáde, mo jókòó sábẹ́ fèrèsé ìta tí mò ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nínú. Èmi ni mo ní kó máa bọ̀ níbí. Èmi ni mo mú un wá síbi tí wọ́n ti pa á."

Ó dun Tàwa, kò sì díbọ́n pé kò dun òun. Ó dúró kí ẹkún náà rọlẹ̀ díẹ̀.

"Tó bá wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ, ara rẹ̀ máa ń dá?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni ara rẹ̀ ti ń balẹ̀."

"Kò jẹ̀rora níbí rí? Rántí dáadáa. Tó bá jẹ ọbẹ̀ ẹran tìẹ ńkọ́?"

Bùkúnọlá ṣiyèméjì. "Ó jẹ̀rora. Àmọ́ èyí tó gbé wá láti ọ̀hún ni. Oró kì í tán lára lọ́jọ́ kan."

"Ó ń mutí?"

Ńṣe ni obìnrin náà dìde dúró. "Ọlálérè? Ọtí? Ọtí ló pa bàbá wa! Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà la ti lọ gbé òkú rẹ̀. Àwa méjèèjì la di ọwọ́ ara wa mú nídìí sàréè, tá a búra pé ọtí ò ní kan ẹnu wa láéláé. Tí wọ́n bá gbé ọtí dé tábìlì tí àbúrò mi wà, á dìde kúrò níbẹ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ìyàwó ẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó sọ ọ́."

Tàwa gbà á gbọ́. Ó ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ láyé rẹ̀, kò sí irọ́ nínú ohùn yìí. Ó gbìyànjú láti dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó sì di àga mú. Lójú ẹsẹ̀ ni Bùkúnọlá gbàgbé ìbínú, bí obìnrin tó ti ń tọ́jú èèyàn láti kékeré ṣe máa ń ṣe. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ, ó gbé ife kan jáde.

"Ẹ gbé e mu, mà. Àgbo ni. Jẹ̀díjẹ̀dí ló wọ inú orúnkún yín yẹn. Òun náà ló ń da àbúrò mi lẹ́yìn láàmú, kí ti májèlé tó dé. Àgbo mi yìí nìkan ló ń jẹ́ kó lè nàró."

Tàwa gbà á, ó mu ún tán. Ó korò, ó ta á létè, ó sì mú un láyà bí àgbo gidi ṣe ń ṣe. Ó dúpẹ́, ó jáde. Kó tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ti ń rò ó pé ara òun fúyẹ́ díẹ̀.

* * *

Àgọ́ ọlọ́pàá kò jìnnà. Ó lọ bá Sájẹ́ǹtì Mokoena, tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó níwà pẹ̀lẹ́ tí iṣẹ́ sì pọ̀ jù fún. Tàwa fa àga, ó súnmọ́ tábìlì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Sájẹ́ǹtì fà sẹ́yìn, ó wò ó.

"Eish, Mama Tàwa. Lọ́sàn-án gangan?"

"Kí ló ṣe lọ́sàn-án gangan?"

"Ẹ ti mu nǹkan."

"Èmi?" Tàwa na ìka sí i. "Mùsùlùmí ni mí o! Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, ọtí ò kan ẹnu mi rí! Mo lè fi Kùránì..."

Ọ̀rọ̀ náà dúró sí i lẹ́nu. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu, ó mí sí i, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ àwọn awakọ̀ wò wá."

Mokoena rò pé àwàdà ni, àmọ́ ojú obìnrin náà kò jọ ti aláwàdà. Ó gbé e wá, Tàwa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Sájẹ́ǹtì wo ẹ̀rọ náà, ó súfèé. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín. Ẹ ò lè wakọ̀ kúrò níbí báyìí."

Tàwa kò bínú. Ara rẹ̀ ti tutù. Ọtí nìyẹn, ọtí líle, ife kan gbáko, òun tó ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì lọ́dọọdún ló sì gbé e mu láìbi ara rẹ̀ ní ohunkóhun. Kí nìdí? Torí pé àgbo ni wọ́n pè é. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ọtí wà lọ́tọ̀, òògùn wà lọ́tọ̀. Ọtí ni ohun tí èèyàn ń mu fún fàájì, tó ń sọni di yẹ̀yẹ́. Àgbo ni ohun tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ ń bù fún ọ nígbà tí ara rẹ ò bá yá. Dókítà tó bi Ọlálérè bóyá ó ń mutí, òótọ́ pọ́ńbélé ni Ọlálérè fi dá a lóhùn. Bí wọ́n bá bi òun Tàwa náà láàárọ̀ yìí, ohun tóun náà yóò sọ nìyẹn.

"Mokoena, ṣé ẹ rí ìgò kankan nínú mọ́tò olóògbé?"

"Ìgò ńlá tí egbò igi wà nínú rẹ̀. Àwa náà rí i. A bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òògùn ilé wọn ni. Ó bù ú níwájú wa, ó mu ún, kó lè fi hàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A ṣì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kò sí májèlé níbẹ̀. Ewé tí ìyá ìyàwó fún wọn náà, kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Májèlé lẹ wá. Ẹ ní kí wọ́n wá ọtí." Ó fa fóònù yọ, ó pe Thembi. "Ọmọ mi, kí lo ń fi pa mọ́ fún mi?"

Ó gbọ́ èémí obìnrin náà lórí fóònù. "Ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀," ni Thembi wí níkẹyìn. "Láràárọ̀, lálaalẹ́. Mo bi í, ó ní òun kì í mutí. Ó gbé Bíbélì, ó búra. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gba ipò rẹ̀, ìtìjú á pa á. Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ fún ọlọ́pàá náà, kí wọ́n má bàa ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn ikú." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i kẹ́yìn, Mama, kó tó wakọ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn, mo ní onírọ́ ni."

Tàwa dijú. "Máa bọ̀ ní Alexandra. Wá mú ọmọ rẹ."

Ó jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti rí ohun tó ń wá, kò sì wù ú láti gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Bí kì í bá ṣe ti ọmọ yẹn àti ìyá rẹ̀, ì bá ti gbé ẹjọ́ náà jù sílẹ̀, kó lọ sílé. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ yìí, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ẹnu rọra sọ ọ́.

* * *

Bùkúnọlá rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń wọlé, Tàwa, ọlọ́pàá àti Thembi, ó sì fa Olúwafikáyọ̀mi mọ́ra. Thembi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tàwa ní kí ọmọ náà lọ ya àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Bùkúnọlá, báwo lo ṣe ń ṣe àgbo rẹ?"

"Àgbo wo?" Ó wo ọlọ́pàá. "Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mu níbẹ̀ lójú wọn."

"Mo mọ̀. Èmi náà mu níbẹ̀. Kí lo ń dà lé egbò náà lórí?"

"Jíìnì. Omi ò lè fa agbára rẹ̀ jáde."

"Omi ò sí níbẹ̀ rárá?"

"Kò sí. Kó lè lágbára."

"Báwo ni Ọlálérè ṣe ń mu ún?"

"Ife ńlá kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí. Iṣẹ́ ìjókòó ló ń ṣe, ẹ̀yìn ń dùn ún. Tí ìrora bá le, á mu sí i. Mo máa ń rọ ọ́ kún ìgò fún un, kó gbé e sínú mọ́tò." Ó ti ń yára sọ̀rọ̀. "Ẹ kò rí i bí ó ṣe ń bá a lára mu. Tó bá mu ún tán, ìrora á lọ, á sùn."

"Lọ́jọ́ Àìkú yẹn ńkọ́?"

"Mo fún un títí ó fi sùn. Nígbà tó jí tó ń ké ni mo gbé e lọ sí ọsibítù." Ó wo Tàwa lójú. "Kí ló dé?"

Tàwa fa àga kan, ó jókòó sí iwájú rẹ̀ kí orúnkún wọn lè kan ara wọn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ lẹ́yìn àpòlúkù, omi tó ń yọ́ oúnjẹ, bí ọtí líle ṣe ń jí i síbi tí kò yẹ, bó ṣe ń jẹ ilé rẹ̀ títí ìrora yóò fi gba inú yọ sẹ́yìn. Bùkúnọlá ń mi orí ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́.

"Àgbo ni, Àǹtí. Kì í ṣe ọtí. Àgbo ni. Èmi náà ń mu ún, kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ara ò dọ́gba, Bùkúnọlá. Tìrẹ gbà á, tirẹ̀ ò gbà á."

"Ó ń jẹ́ kí ìrora lọ! Mo fojú mi rí i!"

"Ó ń pa ìrora náà fún ìgbà díẹ̀. Òun náà ló sì ń dá a padà. Ìrora dé, ó mu ún. Ó mu ún, ìrora pọ̀ sí i. Ó tún sáré padà wá bá ọ, torí ọwọ́ rẹ nìkan ló fọkàn tán."

Takisí kan fọn fèrè níta, ẹnì kan pariwo pé Sandton lọkọ̀ ń lọ, àwọn èrò sáré. Bùkúnọlá fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Tàwa, ó dìde, ó lọ síwájú Mokoena, ó na ọrùn ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Ẹ mú mi."

Sájẹ́ǹtì wo Tàwa, ó wo ilẹ̀. "Mi ò rí òfin tí mo lè fi mú yín, Mama. Ẹ ò mọ̀."

"Ẹ wá a. Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá, ẹ wá òfin náà. Ẹ ti fẹ́ mú èyí tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí ẹ ò lè mú èmi?"

"Màá dá ìwé ìrìnnà ìyàwó àbúrò yín padà lọ́la," ni Mokoena wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó tọrọ gááfárà, ó jáde. Bùkúnọlá kò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Tàwa ló bá a gbé e wálẹ̀.

Nígbà tó yá, Bùkúnọlá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ. Ó fọ ojú ọmọ náà, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Kò lè wo ojú Thembi nígbà tó ń fà á lé e lọ́wọ́. Olúwafikáyọ̀mi dì mọ́ ìyá rẹ̀ nídìí, ó ń bi í ní òyìnbó bóyá ilé ni wọ́n ń lọ. Thembi gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Tàwa rò pé èébú ló fẹ́ sọ, kò sì ní dá a lẹ́bi.

"Sisi Bùkún," ni Thembi wí. "Ó búra fún mi pé òun kì í mutí. Mo pè é ní onírọ́, ó sì fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ṣé irọ́ ló pa fún mi?"

Bùkúnọlá di ẹ̀yìn àga kan mú. Òótọ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, bó bá fi lè sọ ọ́, ara rẹ̀ ló dá lẹ́bi.

"Kò purọ́ fún ọ," ló wí. "Àbúrò mi ò mutí rí. Èmi ni mo fún un."

Thembi mi orí pé òun ti gbọ́. Ó rọra gbé báàgì ọmọ sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.